Bíléèdì ẹlikọ́pítà kì í dédé já: ohun táwọn olùwádìí ń rí lójú irin tó kán

Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni fídíò yẹn dé orí fóònù gbogbo wa ní Abẹ́òkúta. Ẹlikọ́pítà kan já bọ́ sínú odò Hudson ní New York lọ́jọ́ 10 oṣù náà, ìdílé kan láti Spain ló wà nínú ẹ̀, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú awakọ̀ wọn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú. Ohun tó jẹ́ kí fídíò náà máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni pé ara ọkọ̀ náà ń já bọ̀ lọ́tọ̀, rótọ̀ tó yẹ kó wà lórí ẹ̀, ìyẹn orí tó ń yí pẹ̀lú àwọn bíléèdì, sì ń yí lọ́tọ̀ lójú ọ̀run, bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun ò gbé nǹkankan mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní Láfẹ́nwá ni mo wà nígbà tí mo wò ó, mo lọ wo ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń bá mi ṣe. Àwa mẹ́rin la jọ wò ó. Ọ̀kan nínú wa ní ayé ló ṣe wọ́n. Èkejì ní awakọ̀ ló máa sùn lọ. Bàbá wẹ́dà fúnra wọn ò sọ nǹkankan, wọ́n kàn na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, wọ́n mú ṣáfútù ẹ̀rọ ìlọta kan jáde, ìyá kan tó ń lọ ata nínú ọjà ló gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti kán sí méjì. Wọ́n ní kí n wo ojú ibi tó ti kán dáadáa. Mo wò ó. Apá kan dúdú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi sáńpépà ha á, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára ẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, bí ìlà tí omi Odò Ògùn máa ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn tó bá ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kejì funfun, ó rí jákujàku, bí ìrèké tí wọ́n fipá ṣẹ́. Bàbá fi ìka tọ́ ibi tó dúdú, wọ́n ní, "Èyí ti ń sán ọjọ́ ti pẹ́." Wọ́n tọ́ ibi tó funfun, "Èyí ló kán láàárọ̀ yìí. Ìyá yẹn ní àárọ̀ yìí ló kán, wọn ò purọ́, àmọ́ kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí gan-an ni gbogbo ìwádìí lórí bíléèdì ẹlikọ́pítà máa ń dá lé: ibo ló ti ń sán látọjọ́ yìí, ibo ló kán lónìí, ta ló sì láàyè láti rí i kó tó kán. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára torí àbúrò mi kan ń fi ẹlikọ́pítà lọ síbi iṣẹ́ lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń lọ tó ń bọ̀, látìgbà yẹn ni mo ti ń ka àwọn ìwé ìwádìí wọ̀nyí, mo sì fẹ́ ká jọ wò ó níbí, torí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tójú bíléèdì ń rí lókè yẹn. Apá bàálù ńlá dúró gbọin-in lójú kan ni, àmọ́ ti ẹlikọ́pítà, apá ẹ̀ ló ń yí, bíléèdì yẹn ni apá. Rótọ̀ Bell 206, irú èyí tó já sí odò Hudson, máa ń yí tó nǹkan bíi ìgbà 394 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ní wákàtí kan ó ti lé ní 23,000, tọ́kọ̀ náà bá fò fún wákàtí 1,000 ó ti lé ní mílíọ̀nù 23. Gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, bíléèdì tó ń lọ síwájú ń pàdé atẹ́gùn, èyí tó ń padà sẹ́yìn, atẹ́gùn ń dín lára ẹ̀, ó ń tẹ̀ sókè, ó ń tẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, àti pé bó ṣe ń yí yẹn náà, agbára kan ń fà á síta pé kó já lọ, bí òkúta inú kànnàkànnà, agbára náà sì wúwo ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù. Gbogbo èyí, bóòtù díẹ̀ àti ọ̀pá irin díẹ̀ ló dì í mú.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń di irin níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn rí, ó mọ̀ pé báídìn wáyà, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní kán, tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kò ní kán, àmọ́ tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, á gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, á sì já, bẹ́ẹ̀ agbára tó fi tẹ̀ ẹ́ nígbà tó já yẹn ò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irin náà ti rẹ̀ nìyẹn. Irin bíléèdì náà máa ń rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi pé tiẹ̀ lè gbà á ní ọdún púpọ̀. Ó sì máa ń ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀: ibi tí nǹkan ti há a, ẹnu ihò bóòtù, ibi tó ti dípẹtà, ibi tí wọn ò ti ṣe irin náà dáadáa látilẹ̀. Ojú ò lè rí i níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1968, ẹlikọ́pítà Sikorsky S-61L kan tó ń gbé èrò já bọ́ ní Compton, lẹ́bàá Los Angeles, èèyàn 21 ló wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Bíléèdì kan já kúrò lára rótọ̀. Nígbà táwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wo ibi tó ti já, kì í ṣe bíléèdì fúnra ẹ̀ ló ní àrùn, ọ̀pá tó so ó mọ́ orí rótọ̀ ni. Irin ọ̀pá yẹn ò le tó bó ṣe yẹ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Iṣẹ́ kan sì tún wà tí wọ́n máa ń ṣe sí irú irin bẹ́ẹ̀, wọ́n á da ọta irin kéékèèké lù ú kára ẹ̀ lè ki, wọn ò ṣe ìyẹn tó. Ẹ wò ó, àwọn èrò tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ irin yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣe é ti fi ẹ̀mí wọn sínú ewu kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tí inú mi máa ń dùn sí nínú ìtàn àwọn Sikorsky àtijọ́ yìí. Inú bíléèdì wọn ṣófo, ọ̀pá gbọọrọ tó gba àárín ẹ̀ kọjá dà bíi páìpù, wọ́n wá rọ gáàsì nitrogen kún inú ẹ̀, wọ́n dí i pa, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ìdí ẹ̀ tó ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀. Bí páìpù yẹn bá sán níbikíbi, gáàsì á jò, àwọ̀ á yí. Mẹkáníìkì tó bá rọra rìn yí ọkọ̀ náà ká láàárọ̀, ojú lásán ló fi máa rí i. Wọn ò dúró dìgbà tí ẹnì kan bá máa rí ibi tó sán, wọ́n mú kó máa pariwo ara ẹ̀ síta ni.

Torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lèèyàn lè rí. Ìjàǹbá ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2002 ló kọ́ mi nìyẹn. Òkun ìlà oòrùn England ni, níbi tí wọ́n ti ń wa gáàsì, ẹlikọ́pítà S-76 kan ń gbé òṣìṣẹ́ lọ láti orí pèpéle kan sí òmíràn, ojú ọjọ́ dáa, ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, bíléèdì kan kàn já lójijì, àwọn 11 tó wà nínú ẹ̀ kú. AAIB tó ń ṣe ìwádìí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ́ ohun tí wọ́n rí jáde lábẹ́ omi, wọ́n tọ bíléèdì yẹn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dé ọdún 1999. Lọ́dún yẹn, mànàmáná ti kọ lu bíléèdì náà. Wọ́n tú u, wọ́n dá a padà fún àwọn tó ṣe é, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò séwu, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọn ò rí ni pé látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é ni àbùkù kékeré kan ti wà níbi ìsopọ̀ irin tó bo iwájú ẹ̀, ibẹ̀ ni iná mànàmáná gbà wọlé, ó jó ibi kékeré kan lára ọ̀pá titanium inú ẹ̀ lábẹ́ ìbòrí yẹn, ibi tó jó yẹn ni sísán ti bẹ̀rẹ̀, títí bíléèdì fi já lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Nílẹ̀ yìí, tí wọ́n bá ní mànàmáná ló wà nídìí ẹ̀, ọ̀pọ̀ á ti dákẹ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ẹ̀dá. Ìwádìí yẹn ò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní mànàmáná nìkan ò lè pa wọ́n, àbùkù nìkan náà ò lè pa wọ́n, àwọn méjèèjì ló pàdé. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó di ohun téèyàn lè ṣe: ẹ lọ wo àwọn bíléèdì yòókù tí mànàmáná ti kọ lù, ẹ yí ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń yẹ̀ wọ́n wò padà.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti Peterhead àti Turøy, torí ìtàn kan náà ni, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2009, ẹlikọ́pítà Super Puma kan ń gbé òṣìṣẹ́ epo 14 bọ̀ láti orí òkun wá sí Aberdeen ní Scotland, pẹ̀lú awakọ̀ méjì. Rótọ̀ ẹ̀ tú kúrò lórí ẹ̀, ó já sínú òkun nítòsí Peterhead, gbogbo àwọn 16 ló kú. Bíléèdì ò ṣẹ̀ o. Gíábọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rótọ̀, gíà kékeré kan nínú ẹ̀ tó ń yí yípo gíà àárín ló sán tó sì fọ́ gbogbo ilé gíà. Wàyí o, inú epo gíábọ́ọ̀sì yẹn, òòfà wà níbẹ̀ tó ń mú èérún irin, kó lè kìlọ̀ bí nǹkan bá ń jẹra. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, òòfà náà mú èérún kan. Èérún kan ṣoṣo. Wọ́n rí i, wọ́n bá àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò yé ara wọn, wọn ò mọ ohun tí èérún náà jẹ́ ní ti gidi, wọn ò tú ibi tó yẹ kí wọ́n tú. Ara gíà tó ń sán yẹn ni èérún náà ti wá.

Mo máa ń ronú lórí ẹni tó fi ọwọ́ mú èérún yẹn. Èèyàn bíi tiwa ni, ó fi ọwọ́ mú u, ó fojú rí i, ó sì sọ ọ́, kò fi pa mọ́. Ẹnu ìjíròrò ni nǹkan ti bọ́.

Wọ́n ṣe àtúnṣe lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n túbọ̀ máa wo òòfà, kí wọ́n máa wo èérún. Ọdún méje lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2016, H225 tí í ṣe àbúrò Super Puma yẹn ń bọ̀ láti Gullfaks B lọ sí Bergen ní Norway, ó ku díẹ̀ kó balẹ̀, rótọ̀ tú kúrò lórí ẹ̀ ní Turøy, èèyàn 13 kú, fídíò ti ìyẹn náà wà, rótọ̀ nìkan ń yí bọ̀ láti ojú ọ̀run. Ìwé ìwádìí Norway jáde lọ́dún 2018: gíà irú ti àkọ́kọ́ yẹn náà ni. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí èérún. Ihò tíntìnnì kan ló bẹ̀rẹ̀ lójú gíà náà, sísán yẹn wá wọ abẹ́ ara irin lọ, ó ń rìn nínú, kò jáde síta, kò tú èérún tó pọ̀ tó láti kìlọ̀, òòfà ò rí i, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ gbígbọ̀n ọkọ̀ náà ò gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn 2009 láti fi mú un, ó gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ náà dúró, ní Norway àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ò gbà kí wọ́n fò títí di oṣù Keje ọdún 2017. Lẹ́yìn ìjàǹbá Turøy yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ irú gíà kan kúrò pátápátá, torí ìṣe méjì ni gíà náà, èyí tí ìnira pọ̀ lára ẹ̀ jù ni wọ́n yọ, wọ́n sì dín iye wákàtí tí ìkejì ń lò kù. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe ìyẹn látọdún 2009. Wọ́n gbé gbogbo ọkàn lé pé àwọn á tètè rí i.

Àwọn bíléèdì mìíràn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n. Àwọn Robinson R22 àti R44 kékeré yẹn, tí wọ́n pọ̀ káyé, awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara bíléèdì. Iyanrìn, eruku àti òjò máa ń jẹ ọ̀dà tó bo etí ẹ̀, pàápàá lápá orí tó ń sáré jù, tí ọ̀dà bá ti tán, ibi ìlẹ̀pọ̀ yẹn á yọ síta, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i bí ẹni ṣí ojú ìwé. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ti pàṣẹ àyẹ̀wò lórí ẹ̀, ara àyẹ̀wò náà sì ni kí wọ́n fi owó kọ́ìnì kan ara bíléèdì díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹ̀. Ibi tó lẹ̀ dáadáa á dún kọ́, ibi tó ti ṣí á dún bíi ohun tó ṣófo. Ẹni tó bá ti kan ìkòkò rí lọ́jà kó tó rà á mọ ohun tí mò ń sọ. Nílẹ̀ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ eruku fún oṣù méjì mẹ́ta, mo rò pé ó yẹ kí ìkànkàn yẹn wáyé léraléra ju bí ìwé ṣe sọ lọ. Ìwé ìtọ́jú táwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kọ ló sọ pé tí bíléèdì R44 bá ti lo wákàtí 2,200 tàbí ọdún 12, èyíkéyìí tó bá ṣáájú, kí wọ́n yọ ọ́ dànù, bó ṣe wù kó dáa lójú tó. Ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí sí yẹn, ẹni tó bá kọ iye tó dín síbẹ̀ ti purọ́ fún irin tí kò gbọ́ irọ́.

Ìgbà míì wà tí bíléèdì ò ní àrùn kankan rárá. Àwọn ẹlikọ́pítà tó jẹ́ bíléèdì méjì péré ló ní, wọ́n máa ń so méjèèjì pọ̀ bíi jáńgílọ́fà, tí ọ̀kan bá lọ sókè èkejì á wálẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò tó sáré gun orí òkè kan nílùú wa yìí, tó wá já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lódì kejì, á mọ bí inú èèyàn ṣe máa ń fò fẹ́ẹ́. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú lójijì, ọkọ̀ náà á fẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní wúwo lọ́rùn rótọ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí awakọ̀ bá wá yára fà á padà lọ́nà tí kò yẹ, jáńgílọ́fà yẹn á fì ju bó ṣe yẹ lọ, á máa lu ọ̀pá àárín tó gbé e ró, ó lè gé e, tàbí kí bíléèdì sọ̀ kalẹ̀ gé ìrù ọkọ̀. Àwọn sójà Amẹ́ríkà pàdánù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn sí èyí, New Zealand náà sì fi í sórí ìwé ìkìlọ̀ wọn lọ́dún 2016 nítorí àwọn Robinson. Ọkọ̀ odò Hudson náà jẹ́ oníbíléèdì méjì, àmọ́ mi ò ní fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, fídíò kì í ṣe ìwádìí. NTSB ti fa rótọ̀ àti gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ jáde nínú omi, wọ́n kó irin lọ sí yàrá àyẹ̀wò wọn ní Washington, kí wọ́n lè wo ojú ibi tó ti kán, bí bàbá Láfẹ́nwá ṣe wo ti ṣáfútù. Ohun tí wọ́n sì ti sọ tó bà mí nínú jẹ́ ni pé kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ọkọ̀ náà tó ń gba ohùn tàbí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn sílẹ̀. Irin nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí.

Ní tiwa, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, S-76 kan tó ń bọ̀ láti orí òkun já sínú ọ̀sà ní Oworonṣókí l'Ékòó, àwọn 12 ló wà nínú ẹ̀, 6 kú. Àwọn olùwádìí wa rí i pé ọ̀pá ìdarí kan tó ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ sọ́dọ̀ rótọ̀ ti yọ kúrò níbi tí wọ́n ti so ó. Ohun tí wọ́n rí ní Èkó níbí, òun ló jẹ́ kí Sikorsky kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ń lo irú ọkọ̀ náà káyé pé kí wọ́n lọ yẹ ọ̀pá yẹn wò. Mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ èyí, torí wọ́n máa ń sọ pé ìwádìí Nàìjíríà ò wúlò. Àjọ tó ṣe ìwádìí yẹn ló ń jẹ́ NSIB báyìí, òun náà ló gba ìwádìí S-76 tó já sínú òkun nítòsí Bonny lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ. Nígbà tí Herbert Wigwe, ìyàwó ẹ̀, ọmọ wọn àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ kú nínú ìjàǹbá ẹlikọ́pítà ní California nínú oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ rántí iye ìtàn tó gba ìgboro nípa ọkọ̀ yẹn. Ohun tí NTSB wá sọ ni pé awakọ̀ ló wọnú ojú ọjọ́ tí kò dáa lóru, tí kò mọ òkè mọ ilẹ̀ mọ́. Bíléèdì ò jẹ̀bi níbẹ̀.

Àbúrò mi yẹn, mo ti sọ fún un pé tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, kó má tijú, kó béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń gba nǹkan sílẹ̀ wà nínú ẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n yẹ rótọ̀ wò kẹ́yìn. Ó ní wọ́n á wo òun bákan. Mo ní kí wọ́n wò ó.

Ìyá tó ni ṣáfútù padà wá kí n tó kúrò ní Láfẹ́nwá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí bàbá kàn bá àwọn jó o pọ̀, pé ọjà ò tà, owó tuntun ò sí. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá, tí mo bá jó o, á tún já, ó lè jẹ́ ọwọ́ yín ló máa wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, ìyá bínú lọ. Nígbà tí mo padà lọ gbé ilẹ̀kùn mi lọ́sẹ̀ kejì, mo yà wo ìyá náà nínú ọjà, wọ́n ti ra ṣáfútù tuntun, wọ́n ń lọ ata lọ. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kọ déètì sára ẹ̀rọ náà, gàdàgbà-gàdàgbà, ọjọ́ tí ṣáfútù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.